Ọdún Tí Bẹ́ǹṣì Wa Lọ Sí Àjọ̀dún Tí Àwa Kò Lọ

Ariwo ni mo fi ń rántí ọdún náà. Tẹ́lẹ̀, ohùn inú ọgbà ilé wa ní Minna mọ níwọ̀n: ayùn bàbá mi tó ń rẹ́ pákó lẹ́yìn ilé, ọmọ ọlọ màmá mi tó ń lọ ata, fèrè ọkọ̀ ojú irin tó máa ń dún bíi pé ó gbàgbé nǹkan sí ìlú wa, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó máa ń kọ orin ìsìn ní ìdájí bí ẹni tó ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú Ọlọ́run tí wọn kò tíì dá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ìlú wa ti di olú ìlú ìpínlẹ̀. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ọkọ̀ típà bẹ̀rẹ̀ sí í kó yẹ̀pẹ̀ pupa kọjá níwájú ilé wa láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, eruku sì ń bà lé ẹ̀kọ wa, lé aṣọ tí a sá, lé orí ewúrẹ́, títí gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò fi di àwọ̀ kan náà, tí kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé tòun nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́ dé láti Ìbàdàn, láti Ọ̀yọ́, láti Abẹ́òkúta, wọ́n gbé fíríìjì dání, wọ́n ń wá ilé kiri ní Bosso àti Maitumbi, níbi tí a ti ń lọ ṣa mángòrò tẹ́lẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, ni inú rẹ̀ dùn jù. Ó ní ìjọba yòówù kó dé, yóò kọ́kọ́ wá ibi tí yóò jókòó sí.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, bíi púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ ní Minna. Ilé wa kò tóbi, àmọ́ ó ní òfin. A kì í jẹun kí Ìyá Àgbà tó bu òkèlè. A kì í dá àgbà lóhùn ní Háúsá, àní bó jẹ́ pé Háúsá ni àgbà náà fi bá wa sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, kùnú ni a máa ń mu, tí a rà lọ́wọ́ obìnrin Gbàgyí kan tó ń gbé igbá rẹ̀ lé èjìká, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín kí ó tó gba owó. Lálẹ́, iyán ni, nítorí Ìyá Àgbà ní iṣu Minna nìkan ló mú òun dúró sí ìlú náà. Tí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́, màmá mi á tutọ́ sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, á ní, "Kí itọ́ yìí tó gbẹ, kí o ti dé." Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ Minna á mọ̀ pé itọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí mo ṣe di eléré ìje nìyẹn. Mo máa ń sáré lọ, mo máa ń sáré bọ̀, n óò sì kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kí n tó wo ojú màmá mi.

Òfin Háúsá yẹn, èmi gan-an ló ń mú jù. Ọmọ tí a bí sí Minna nígbà náà, Háúsá ló fi ń ṣeré, Háúsá ló fi ń jà, Háúsá ló fi ń lálàá. Yorùbá wa, ti inú ilé ni. A máa ń bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà. Èyí kò dùn mọ́ àwọn àgbà nínú. Nítorí náà, lọ́dọọdún, lẹ́yìn iṣu tuntun, nígbà tí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Minna bá péjọ ṣe àjọ̀dún lórí pápá ilé ìwé kan lódìkejì ojú irin, wọ́n máa ń to àwọn ọmọdé síwájú kí oníkálukú ki oríkì ilé rẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, wọ́n pè mí. Mo dìde. Mo ní, "Èmi ọmọ onílẹ̀kùn tó kọjú sí oòrùn..." Ibẹ̀ ló tán sí. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, mo wo Ìyá Àgbà tó ń fi ètè darí mi láti orí ìjókòó rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Na manta." Háúsá ni: mo ti gbàgbé. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣadé, tó ń ro ráìsì lábẹ́ igi, tó sì ní ohùn tó lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró, pariwo pé, "Ẹ bá mi kí i káàbọ̀ o! Na-Manta lorúkọ ẹ̀!" Láti ọjọ́ náà ni orúkọ tí wọ́n sọ mí ti kú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Na-Manta. Lọ́jà, Na-Manta. Àwọn ọmọ Háúsá àdúgbò pàápàá, tí wọn kò mọ ohun tí mo gbàgbé, máa ń dá mi dúró lọ́nà láti bi mí bóyá mo ti rántí.

Ìyá Àgbà kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Àṣàkẹ́, ọdún ń bọ̀." Ó wá gbé agbọ̀n ẹ̀wà síwájú wa. Bí a ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà ni ó ń kọ́ mi ní oríkì, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ilé wa sí ìlà-oòrùn títí dé orí bàbá mi tó ń rẹ́ pákó. Bí mo bá fo ìlà kan, á da ẹ̀wà tí a ti ṣà padà sínú èyí tí a kò tíì ṣà. A jẹ ẹ̀wà pẹ́ lọ́dún náà. Ìgbà mìíràn oòrùn á ti kan àtàrí, ebi á máa pa gbogbo ilé, bàbá mi á sì yọjú láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká jẹ èyí tó ti mọ̀ ná." Ìyá Àgbà á ní òkúta ṣì wà nínú ọmọ yìí. Kí iṣu tuntun tó dé, mo ti mọ̀ ọ́n débi pé mo lè kì í nígbà tí mo bá ń sáré, mo lè kì í nígbà tí oúnjẹ bá wà lẹ́nu mi, mo sì ń kì í lójú oorun. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí n dúró lórí pápá yẹn, kí Ìyá Ṣadé gbọ́, kí wọ́n dá orúkọ mi padà fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe máa ń pe ènìyàn sí àjọ̀dún náà, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Bàbá Jóòbù, ọkùnrin kan tó ń tún àpótí irin ṣe nítòsí ọjà, ni apè. Ọmọ agboolé ọkọ Ìyá Àgbà ni, nítorí náà "ọkọ mi" ni Ìyá Àgbà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń wẹ̀ fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Bí àjọ̀dún bá ti ń sún mọ́, Bàbá Jóòbù á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, á jókòó. A óò gbé omi fún un, a óò gún iyán. Á béèrè gbogbo ẹni tó wà nílé, á béèrè àwọn tí kò sí nílé, á béèrè àwọn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, á sì wá béèrè àwọn tó ti kú, bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti yí padà fún wọn. Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló bá wá. Tó bá jẹun tán, á kí wa, á dé fìlà, á lọ. Ìgbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà, tó ti fọwọ́ lé férémù ilẹ̀kùn, ló máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú padà bíi pé ó rántí nǹkan kékeré kan: "Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ ní Sátidé o." Ìyá Àgbà á ní, "A gbọ́. A óò wá." Ó di ọdún mìíràn kó tó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ìpè nìyẹn. Pé èyí tó kù, ìròyìn ni. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Minna, ìyàwó tuntun tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní Háúsá, inú yàrá ni òun wà títí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn, tó jókòó, tó mu omi, tó ní kí òun wá bá wọn ṣe àjọ̀dún. Ọjọ́ yẹn, ó ní, ni òun dé Minna. Àwọn ọjọ́ tó ṣáájú, ẹrù òun nìkan ló ti dé.

Nígbà tí ìlú di olú ìlú, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe àjọ̀dún náà di olú ẹgbẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ inú rẹ̀, wọ́n gba ipò akọ̀wé, wọ́n gba ipò alukoro. Wọ́n ní ìṣe oko ni kí ènìyàn máa fẹsẹ̀ rìn kiri ilé nítorí ìkéde, nígbà tí rédíò wà. Wọ́n ní kí Bàbá Jóòbù lọ sinmi. Ni rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kéde àjọ̀dún wa láràárọ̀, ní Háúsá: "Ana gayyatar dukkan 'yan Ogbomosho," pé wọ́n ń pe gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ní Yorùbá, láti ẹnu ọkùnrin kan tó ń pe Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ara ògiri ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wọ́n lẹ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tí kò mọ ọjọ́ náà. Àwọn awakọ̀ típà mọ̀ ọ́n. Obìnrin Gbàgyí tó ń ta kùnú mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà pẹ̀lú mọ̀ ọ́n dáadáa, torí etí rédíò ló máa ń jókòó sí láàárọ̀. Ó ń dúró de Bàbá Jóòbù.

Ní ọjọ́ Furaidé, ọ̀dọ́kùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ náà gbé ọkọ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa láti kó àwọn bẹ́ǹṣì tí wọ́n ní kí bàbá mi kàn fún àjọ̀dún. Ó kó wọn tán, ó nu ọwọ́, ó sáré wọ ọkọ̀. "Ẹ kú ìmúra ọ̀la o, Ìyá!" ló pariwo láti ojú wíńdò, ó sì wọnú eruku lọ. Bàbá mi yíjú sí Ìyá Àgbà, inú rẹ̀ dùn.

"Ìyá, ẹ gbọ́? Ó ti pè wá."

"Bẹ́ǹṣì ló wá gbé."

"Ó kí yín kú ìmúra."

"Ṣé ó jókòó? Ṣé ó mu omi? Bi í léèrè wò bóyá ó mọ iye ọmọ tí mo bí."

Ọkọ̀ náà ti kọjá ojú irin. Bàbá mi kò rí ẹni bi.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, màmá mi se móínmóín eléwé, ìkòkò ńlá kan, nítorí òun ni móínmóín máa ń kàn lọ́dọọdún. Gbogbo wa wẹ̀, a múra. Mo wọ aṣọ búlúù mi tí wọ́n tú etí rẹ̀ sílẹ̀ torí mo ti ga sí i. Ìyá Àgbà pàápàá wé gèlè, ó wọ ìlẹ̀kẹ̀, ó gbé àga sí ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, ó jókòó. Ẹ má ṣì í gbọ́ o: kò sọ pé a kò ní lọ. Ó ní a óò lọ bí wọ́n bá ti pè wá. A wá jókòó yí i ká nínú pálọ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ láti apá pápá àjọ̀dún bọ̀, ó sì ń gbé ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọlé wá bá wa bíi pé ẹnìkan ń fi àwo gbé e kalẹ̀. A gbọ́ orin àkọ́kọ́. A gbọ́ àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ó gùn. Nígbà tó parí, bàbá mi ní, "Àmín." Ìyá Àgbà wò ó. Bàbá mi bojú wolẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àgbà síwájú. "Ìyá wa, ìyá Káfíńtà! Ìyá àgbà wa! Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa bọ̀ níwájú, ìjókòó yín ti wà nílẹ̀!"

"Ìyá," ni bàbá mi wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń jí ọmọ, "ẹ̀yin ni wọ́n ń pè."

"Mo ń gbọ́."

"Wọ́n ní ìjókòó yín ti wà nílẹ̀."

"Ṣebí ìwọ lo kàn án."

Bàbá mi wo ilẹ̀kùn. Ó lè dìde kó lọ o. Àgbàlagbà ni, ó ní irùngbọ̀n, ó ní àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ jókòó sí ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo la sì ní. Màmá mi tẹnu bọ̀ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì.

"Ìyá, ti ọmọ yìí ńkọ́? Gbogbo ẹ̀wà tí a jẹ lọ́dún yìí ńkọ́?"

Ìyá Àgbà kò yíjú. "Bí mo bá dìde torí pé ẹ̀rọ kan ké sí mi," ni ó wí, "ta ni yóò tún wá sí ilé yìí láé? Wọ́n á ní a ti gbọ́. Bí mo bá kú, wọ́n á kéde rẹ̀, wọ́n á ní a ti gbọ́." Kò gbé ohùn sókè. Ohùn tó fi ń béèrè omi ló fi sọ ọ́. Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní, "Jókòó, má rún aṣọ ẹ."

Kò pẹ́ tí màmá mi fi pè mí sí kíṣìnì. "Àṣàkẹ́, lọ ra iyọ̀ wá."

"Iyọ̀ wà nínú agolo, Màmá."

Màmá mi wo agolo náà. Ó fi ọmọrí dé e. "Ìyẹn kò dára fún ohun tí mo fẹ́ sè." Kò sí ohun tó fẹ́ sè. Móínmóín ti jinná látàárọ̀. "Ṣọ́ọ̀bù Málàm ni kó o lọ, èyí tó wà lódìkejì ojú irin." Ṣọ́ọ̀bù náà àti ẹnu géètì pápá, ẹsẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ó tún ọrùn aṣọ mi ṣe, ó fi òróró pa ojú mi, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ara rẹ̀, ó fi sí mi lọ́rùn. "Má sáré o. Fara balẹ̀. Ibi tó o bá dé, fara balẹ̀ níbẹ̀." Kò sì tutọ́.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, odidi ni wọ́n ti máa ń fi rán mi, pẹ̀lú itọ́ lórí rẹ̀. Mo rí i pé màmá mi kò tutọ́. Mo rò pé ìdààmú ọjọ́ náà ló jẹ́ kó gbàgbé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní n óò sáré bíi pé ó tutọ́, kó má bàa dà bíi pé mo rí àǹfààní, mo lò ó.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Málàm, ó ń wo pápá láti orí àpótí tó jókòó lé. "Ke! Ba ki je wurin wasan ba?" ló bi mí, pé ṣé n kò lọ síbi àríyá ni. Mo ní, "An aike ni," pé wọ́n rán mi níṣẹ́ ni. Mo na ojú kọjá èjìká rẹ̀. Mo rí àwọn bẹ́ǹṣì wa, ènìyàn kún orí wọn. Mo rí àwọn ọmọdé lórí ìlà. Ṣadé, ọmọ Ìyá Ṣadé, ló ń ki tiwọn, ó sì ti há: "Ọmọ... ọmọ..." Àyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà, ó bá mi mu wẹ́kú. Oríkì náà ti dé orí ahọ́n mi, gbogbo rẹ̀, kò sí òkúta kan nínú rẹ̀. Géètì ṣí sílẹ̀. "Gishiri na nawa?" ni Málàm wí, pé iyọ̀ eélòó. Mo rántí pé iyọ̀ ni wọ́n ní kí n rà. Mo ra iyọ̀. Mo sáré lọ sílé.

Màmá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí mi láti òkèèrè, mò ń bọ̀ nínú eruku, iyọ̀ lọ́wọ́, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń fò lọ́rùn mi. N kò rí irú ojú yẹn lọ́dọ̀ ènìyàn mọ́, àfi lẹ́ẹ̀kan, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ọkọ̀ ojú irin fi sílẹ̀.

"O ti dé?"

"Mo ti dé, Màmá. Mo sáré gan-an ni."

Ó gba iyọ̀ náà, ó dà á sínú agolo tó ti kún. Èyí tó kù dà sílẹ̀. Láti inú pálọ̀ ni Ìyá Àgbà ti béèrè pé, "Àṣàkẹ́, o lọ sódìkejì ojú irin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"O ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀?"

"Mo rí Málàm."

Ìyá Àgbà wo màmá mi. Màmá mi wo àjà. Ìyá Àgbà wá mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè rẹ̀. Nígbà náà mo rò pé ó ń bínú sí màmá mi ni. Nísinsìnyí tí èmi náà ti ní ìyàwó ọmọ nílé, mo mọ mímí yẹn. Mímí ẹni tó ti gbọ́ ohùn àṣírí ní kíṣìnì ni, tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, tó sì ti gbà pé ó kéré tán, ọmọ á lọ síbi àjọ̀dún náà.

A gbọ́ àdúrà ìparí. Bàbá mi ní, "Àmín." A jẹ móínmóín nínú aṣọ àjọ̀dún, ó pọ̀ jù fún wa, a tún jẹ ẹ́ ní ọ̀sán, a pín fún àwọn aládùúgbò. Mo bọ́ aṣọ mi, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo jókòó sáàárín èérún pákó, mo sunkún ní Háúsá.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Jóòbù dé. Rìbọ́ọ̀nù wà láyà rẹ̀, òórùn ráìsì ń jáde lára rẹ̀. Ó jókòó. A gbé omi fún un. Ìyá Àgbà kí i pé, "Ọkọ mi, ẹ kú ìrìn." Ó béèrè bàbá mi, tó jókòó síwájú rẹ̀. Ó béèrè màmá mi. Ó béèrè àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó béèrè àwọn tó ti kú. A dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ móínmóín, ó ní ó dùn, ó ní iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Màmá mi dúpẹ́. Kò sí ẹni tó dárúkọ àjọ̀dún. Ó dìde, ó dé fìlà, ó kí wa, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó fọwọ́ lé férémù ilẹ̀kùn, ó yíjú padà.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí. "Àjọ̀dún ti kọjá o."

"A gbọ́," ni Ìyá Àgbà dáhùn.

Kò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Wọ́n ní kí n sinmi, Ìyá. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ti ṣiṣẹ́ tó."

"Wọ́n bi ẹsẹ̀ náà?"

"Wọn ò bi í." Ó ṣí fìlà. "Wọn ò pe èmi náà. Rédíò ni mo gbọ́. Ojú ló tì mí láti jókòó sílé, ni mo ṣe lọ. Mò ń wo ìjókòó yín títí. Mo ní bóyá ara yín ò yá ni."

"Ara mi yá."

Ó padà wá jókòó. N kò rí i kí apè ti ẹnu ọ̀nà padà wá jókòó rí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kò rí i, torí ó dìde láìmọ̀dí. Ìyá Àgbà wá ní, "Àṣàkẹ́, wá dúró síbí." Mo dúró. Ojú mi ṣì wú. Aṣọ ilé ló wà lọ́rùn mi, èérún pákó wà ní irun mi. Mo kì í láti ẹnu ilẹ̀kùn tó kọjú sí oòrùn títí dé ibi tí ayùn bàbá mi wà, n kò dúró, n kò wòkè. Nígbà tí mo parí, típà kan kọjá, fèrèsé mì. Bàbá mi ní, "Àmín." Bàbá Jóòbù mi orí. "Ó pé," ló wí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí, nítorí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, Na-Manta ni wọ́n ṣì ń pè mí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti ń rìn láti ọdún mọ́dún, àṣẹ ìsinmi kò wọ̀ ọ́ létí. Láti ọjọ́ Ajé, Bàbá Jóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Á jókòó, á mu omi, á béèrè gbogbo ènìyàn, á jẹun. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á fọwọ́ lé férémù: "Ẹ̀n-ẹ́n. Àṣàkẹ́ ọmọ Káfíńtà ki oríkì ilé wọn o. Kò fo ìlà kan." Á sì bọ́ sóde. Kò sọ ibi tí mo ti kì í. Kò sọ ọjọ́ tí mo kì í. Kò sì sí ẹni tó bi í, torí a kì í bi apè ní ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó dé gbogbo ilé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ṣadé fà mí mọ́ra níwájú gbogbo ènìyàn. "Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ mi! Ọjọ́ àjọ̀dún yẹn, mò ń ro ráìsì lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn ẹ, mo gbé orógùn sílẹ̀. Mo ní, ọmọ ta nìyí? Aṣọ yẹ́lò yẹn sì yẹ ọ́!" Mo la ẹnu. N kò ní aṣọ yẹ́lò. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ọwọ́ náà sì wúwo. "Wọ́n ń kí ọ," ló wí. "Dúpẹ́." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ náà rán akọ̀wé wọn sí Ìyá Àgbà, nínú mọ́tò. Ó jókòó, ó mu omi, ó béèrè iye ọmọ tó bí, ó sì jẹ iyán títí ó fi gbàgbé ohun tó bá wá. Inú mọ́tò ló ti rántí, ó padà wá sọ ọ́. A lọ. Àmọ́ mo ti dàgbà ju àwọn ọmọ orí ìlà lọ nígbà náà, wọn kò pè mí, n kò sì kì í lórí pápá náà títí dòní. Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò Jikpan ní Minna, arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì di ọwọ́ mi mú, ó sì ń sọ fún àwọn ọmọdé tó yí i ká bí mo ṣe dúró níwájú gbogbo èrò lọ́dún tí ìlú wa di olú ìlú, bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe kú lẹ́nu mi, tí ohùn mi ṣì dé ẹ̀yìn pápá. Àwọn ọmọ náà ń wò mí. Mo bi í pé ṣé mo ṣe é dáadáa. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní mo ṣe é dáadáa, àfi pé mo kánjú díẹ̀ níparí.